Bàbá Tó Lo Ogójì Ọdún Lábẹ́ Ilẹ̀

Bí mo bá gbàgbé gbogbo Sátidé tí mo ti lò láyé, ẹyọ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: Sátidé tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara mi tú ìgbéyàwó Kúdí ká ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Muṣin, níṣojú àlejò tó wọ bàálù láti ilẹ̀ Sípéènì wá. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Síbẹ̀, tí mo bá rántí ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo ṣì máa ń dá rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó bá jókòó tì mí á rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì di báàgì ẹ̀ mú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. N ò gbọ́ èdè Sípáníìsì. Ohun tí fóònù mi kọ́ mi nìkan ni mo gbọ́. Níbi iṣẹ́ mi ní Yábàá, níbi tí mo ti ń dá àwọn oníbàárà tínú ń bí lóhùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo fi nǹkan kan tó ń kọ́ni lédè sórí fóònù mi, mo sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo mọ omi, mo mọ búrẹ́dì, mo mọ bàbá, mo mọ ìyá, mo mọ ilé, mo mọ ilẹ̀. Mo sì lè sọ ọ́ láìmí pé ọmọkùnrin náà ń jẹ ápù. Ká ní ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ń jẹ ápù la wá sọ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ì bá má mọ̀ pé onírọ́ ni mí.

Kúdí ni àbíkẹ́yìn Alhájì. Alhájì ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi lọ́mọ, òun ló sì rán mi níléèwé nígbà tí bàbá mi kú, nítorí náà àbúrò mi gan-an ni Kúdí. Iṣẹ́ rìwáyà ni Alhájì ń ṣe, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sílé. Láti kékeré la ti mọ̀ pé tí mọ́tò bá ń lọ tí iná ẹ̀ ò tàn, Alhájì á bá onímọ́tò náà sọ̀rọ̀ bíi dókítà tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Òyìnbó ni Kúdí mú wálé. Matéò lorúkọ ẹ̀, ọmọkùnrin gíga kan tó máa ń so iná oòrùn mọ́ òrùlé àwọn èèyàn, tó ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Ìwà ẹ̀ dára. Ó ń jẹ ata wa, ó ń sunkún, ó tún ń jẹ ẹ́. Ó ti ń bá Alhájì lọ sí mọ́ṣáláṣí láti bí oṣù mélòó kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti yanjú. Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa. Yorùbá tiẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá òkúta nínú odò ló ṣe ń sọ ọ́: á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á wò ó bóyá òun ò ní yọ̀, á tún gbé ìkejì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn Alhájì. Ó ní, "N ò kọ òyìnbó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí n ò bá rí bàbá ẹ̀ lójúkojú, n ò ní fọmọ mi fún un." Nítorí èyí, kò jẹ́ kí Matéò so iná oòrùn kankan mọ́ òrùlé òun. Gbogbo aládùúgbò ló ti ní tiwọn. Alhájì ní òun ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí òun ò tíì dá lóhùn.

Ni bàbá Matéò bá ń bọ̀. Àgbàlagbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò wọ bàálù rí, láti ìlú kékeré kan tó dá wà lórí òkè, tí wọ́n ń pè ní Sẹ́rò Biẹ́hò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fẹ́ lò. Bí Alhájì bá ní rárá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá ò tún lè wá mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti ṣètò, wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa túmọ̀, torí bàbá náà ò gbọ́ òyìnbó, ká má tilẹ̀ sọ Yorùbá. Matéò ní òun á ṣe é. Ẹnu ẹ̀ ni Bìgì Mọ́mì ti gbà á. Bìgì Mọ́mì ni ẹ̀gbọ́n Alhájì lóbìnrin, ìyá tó jẹ́ pé tó bá húkọ́ nínú ilé, àwọn ọmọ á pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ìwọ tí o ń tọrọ ìyàwó, ìwọ náà lo tún fẹ́ jẹ́ ògbufọ̀? Tí bàbá ẹ bá ní òun ò fẹ́, ṣebí o máa sọ fún wa pé ó ní òun fẹ́. Ọkọ ìyàwó ò gbọdọ̀ wà nínú pálọ̀ títí a ó fi pè é."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ó yẹ kí èmi náà dákẹ́. Ẹ̀mí kan ló kàn gbé mi dìde.

Mo ní, "Bìgì Mọ́mì, èmi gbọ́ ọ. Mo gbọ́ Sípáníìsì dáadáa."

Inú Alhájì dùn débi pé ó dìde. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Owó ilé ìwé tí mo san ò ṣòfò." Ẹ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn pé ápù nìkan ni mo mọ̀?

Kúdí fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dá yín lójú?"

"Kúdí, fọkàn balẹ̀."

Èmi náà fọkàn balẹ̀, torí mo ti dá ọgbọ́n kan. Fóònù mi lè gbọ́ Sípáníìsì kó sì sọ ọ́ di òyìnbó sí mi létí. Màá gbé e lé itan lábẹ́ ìborùn, màá ki agbọ́rọ̀ kékeré kan bọ etí kan, màá fi híjáàbù bò ó, màá sì máa tú ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Sípéènì. Mo dán an wò nílé lálẹ́ Jímọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ jó.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra híjáàbù tuntun, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sì dé Muṣin bí ìyàwó gómìnà. Pálọ̀ Alhájì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Alhájì, ìyá Kúdí àti Bìgì Mọ́mì. Bí mo ṣe wọlé tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, Bìgì Mọ́mì na abọ́ ike kan sí mi.

"Fóònù."

"Mà?"

"Gbé fóònù ẹ síbẹ̀. Lẹ́sìí, mo bá ọkọ ọmọ mi jà, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ayé ti ń wò mí nínú fóònù. Wọ́n tiẹ̀ fi orin sí i. Kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù dání nínú pálọ̀ yìí lónìí."

Mo wo Alhájì. Alhájì ti gbé tiẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé temi síbẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ẹ̀ fún olè. Bìgì Mọ́mì fi ọmọrí dé abọ́ náà, ó sì gbé e sábẹ́ àga ẹ̀. Agbọ́rọ̀ yẹn ṣì wà létí mi o. Kò gbọ́ nǹkankan.

A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Matéò mú bàbá ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wa, ó rẹ́rìn-ín sí mi pé òun fọkàn tán mi, ó sì lọ bá Kúdí ní yàrá kejì bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Bàbá náà kúrú, ó taagun, irun ẹ̀ funfun báláú, ojú ẹ̀ náà funfun. Ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn. Ó fọwọ́ lé àyà, ó mí sókè mí sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì jókòó.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Mo gbọ́ "kansádò". Mo mọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Mo ní, "Ó ní òun ti gbéyàwó."

Bìgì Mọ́mì gbójú sókè. "Ta ló ní kó fẹ́ mi?"

Alhájì ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa kó sọ ọ́." Nígbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé bàbá kàn sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn rẹ òun ni.

Kò tíì burú. Alhájì kí i káàbọ̀, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ìyàwó. Mo yíjú sí bàbá, mo rẹ́rìn-ín, mo pe ilé, mo pe bàbá, mo pe ìyá, mo pe omi. Bàbá náà mi orí. Ó mu omi. Alhájì mi orí pẹ̀lú. Nínú ọkàn mi mo ní, ṣé báyìí náà ló rọrùn?

Ibẹ̀ ni iná lọ. Fáànù yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Ooru bo gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Alhájì wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ gan-an. "Sọ fún un kó sọ ìlú wọn fún mi. Irú ìlú wo ni? Irú ilé wo lọmọ mi ń lọ?"

Mo béèrè. Ojú bàbá tàn bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ gbé. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe òkè, ó ń fi ọwọ́ júwe odò, ó ń sọ ọ́ kíákíá bí òjò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, mo ń mú mẹ́ta. Mo mú "ilé". Mo mú "kò sẹ́nìkan".

Mo ní, "Ó ní ilé pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nìkan nínú wọn."

Ìyá Kúdí ní, "Kò sẹ́nìkan?"

"Ó ní wọ́n ti lọ."

"Lọ síbo?"

N ò mọ ibi tí wọ́n lọ. Mo nawọ́ sókè díẹ̀, mo tún nawọ́ sápá ibì kan. Ìyá Kúdí tẹ̀lé ìka mi lójú títí tó fi dé àjà.

Bàbá ń bá a lọ. Mo gbọ́ "odò", mo sì gbọ́ àwọ̀ kan tí fóònù ti kọ́ mi. Inú mi dùn pé mo mọ méjèèjì. Mo sọ ọ́ tagbáratagbára: "Ó ní odò ìlú wọn pupa! Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀!" Kò sọ ẹ̀jẹ̀ o. Èmi ni mo fi ẹ̀jẹ̀ sí i kó lè dùn létí.

Bìgì Mọ́mì tú ẹsẹ̀ tó lọ́ mọ́ra tẹ́lẹ̀ ká. Ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà ẹ̀.

Nígbà náà ni bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí àyà, omi lé sí i lójú díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣe kedere, lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé èmi ògbufọ̀ ń jìyà. Bàbá bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: "bàhò tiẹ́rà." Mo gbọ́ ọ! Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ mi! "Bàhò" ni abẹ́. "Tiẹ́rà" ni ilẹ̀.

Mo ní, "Ó ní bàbá bàbá òun wà lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá òun wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun wà lábẹ́ ilẹ̀."

"Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn," ni Alhájì wí, ó sì rẹ orí wálẹ̀. Ìyá Kúdí ṣàánú. Bìgì Mọ́mì pàápàá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ká ní ibẹ̀ ni bàbá dúró sí, ire ni à bá fi túká. Ṣùgbọ́n ó gbá àyà ara ẹ̀, gbì, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka mẹ́rin sókè, ó ní òun náà, ogójì ọdún, bàhò tiẹ́rà. Ó wá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń gun nǹkan bọ̀ lókè. Ó jáde.

Ẹnu mi ń sọ ọ́ lọ kí ọpọlọ mi tó dá mi dúró. "Ó ní òun náà lo ogójì ọdún lábẹ́ ilẹ̀. Ó wá jáde."

Ìyá Kúdí sún àga ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló jáde?" ni Bìgì Mọ́mì béèrè. Ohùn ẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Òun."

"Níbo?"

"Abẹ́ ilẹ̀."

Bìgì Mọ́mì wo ojú funfun yẹn. Ó wo irun funfun yẹn. Ó wo kóòtù dúdú nínú ooru. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ bàbá bóyá ó kanlẹ̀. Ilé tí kò sẹ́nìkan, odò ẹ̀jẹ̀, ìdílé tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láti orí bàbá dé orí ọmọ. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ara ògiri: "Àkúdàáyà."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Alhájì wí.

"Àkúdàáyà ni! Báyìí ni wọ́n ń ṣe! Tí wọ́n bá kú tán, wọ́n á lọ ìlú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n, wọ́n á fẹ́yàwó, wọ́n á bímọ! Òkú ló bí Matéò! Òkú ni Kúdí fẹ́ lọ fẹ́!"

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kíá. Mo ní ká bi bàbá fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ fún òkú, "muẹ́tò". Mo nawọ́ sí bàbá, mo sì bi í bí mo ṣe lè bi í: "Ẹ̀yin, muẹ́tò?"

Bàbá nu òógùn kúrò lójú. Ó wo fáànù tí kò yí. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó fọwọ́ fẹ́ ara ẹ̀, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Sí, sí! Muẹ́tò! Muẹ́tò!"

Lọ́dọ̀ tiwọn, tí ooru bá mú èèyàn, á ní òun ti kú. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀ ọ́n, n ò sì nílò láti túmọ̀ ẹ̀, torí "sí" ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Bìgì Mọ́mì fò. Ìyá tó ní eékún ń dun òun láti ọjọ́ pípẹ́! Ó fo tábìlì àárín, bàtà kan ṣẹ́kù, abọ́ fóònù dojú dé, fóònù ń yí kiri ilẹ̀. Ìyá Kúdí ti dé ẹ̀yìn kọ́tínì, ó ń ké àdúrà Ayátù-kúrúsíyù lọ́nà tó yára jù lọ tí mo gbọ́ rí. Bàbá dìde láti ran Bìgì Mọ́mì lọ́wọ́, ó nawọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ló tún burú. Ó pariwo débi pé rìwáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù Alhájì dá a lóhùn. Èmi? Mo dúró ságbedeméjì pẹ̀lú híjáàbù tuntun, agbọ́rọ̀ ti já bọ́ sí èjìká mi.

Matéò àti Kúdí sáré wọlé. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Kúdí ń pariwo.

"Bi ẹ̀gbọ́n ẹ!" ni Bìgì Mọ́mì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá ọkọ ẹ ti jẹ́wọ́ pé òun ti kú!"

Matéò bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo rí i tí ojú ẹ̀ là. Ó dojú kọ Alhájì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì pinnu, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́, pé Yorùbá ni òun máa fi ṣàlàyé kó lè wọ̀ wọ́n lára.

"Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi ò kú. Iṣẹ́ ni. Ní ìlú wa, láti ayé àtijọ́, a máa ń hú bàbá nílẹ̀."

Alhájì ní, "Ẹ máa ń hú kí ni?"

"Bàbá. Bàbá pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. A máa ń hú bàbá, a máa ń fi iná yọ́ ọ, a máa ń tà á."

Ìyá Kúdí bẹ̀rẹ̀ Ayátù-kúrúsíyù láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ máa ń hú bàbá yín tà?" Ohùn Alhájì ti yí padà. Kúdí ti fọwọ́ bo ojú. Mo rí i pé omijé ń jáde láàárín ìka ẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí ilé yìí bá tú ká lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo tú u.

Matéò ò mọ̀ pé òun ń rì. Ó ń wá òkúta mìíràn tẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Gbogbo ayé ló ń rà á. Wọ́n ń fi bàbá ṣe wáyà."

Alhájì gbójú sókè. "Wọ́n ń fi ṣe kí ni?"

"Wáyà, sà. Wáyà iná. Ti mọ́tò. Ó pupa díẹ̀."

Mo wo ojú Alhájì bí mo ṣe ń wò yín yìí. Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń bó rọ́bà kúrò lára wáyà. Ó tẹjú mọ́ Matéò, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀díẹ̀, ó sì gbá itan ara ẹ̀ pàù.

"Bàbà! Bàbà ni! Kì í ṣe bàbá, bàbà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà wá! Bàbà ni wọ́n ń wà nínú ilẹ̀! Awakùsà ni ọkùnrin yìí!" Ó yí sí bàbá Matéò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń fi díígà walẹ̀. Bàbá náà mi orí tayọ̀tayọ̀, òun náà gbé díígà tiẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wa ilẹ̀ tí kò sí láàárín pálọ̀ bí ọmọdé.

Bìgì Mọ́mì padà wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Nígbà tí Matéò ṣàlàyé tán fún bàbá ẹ̀ ohun tí wọ́n pè é, bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó rọra na ọrùn ọwọ́ ẹ̀ sí Bìgì Mọ́mì kó fọwọ́ kàn án. Ìka kan ṣoṣo ni ìyá fi kàn án. Ó gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù. Ó ní, "Ó gbóná," ó sì wá bàtà ẹ̀ kejì.

Wọ́n wá ní kí Matéò túmọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí èèwọ̀ ọkọ ìyàwó mọ́. Ó ń sọ ọ́ ní òyìnbó, Kúdí ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tí bàbá ti ń sọ láti àárọ̀ ni pé ìlú àwọn kéré, àti pé àwọn baba ńlá àwọn ti ń wa bàbà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kọ. Bàbà náà ló sọ odò wọn di pupa. Kò sí ilé tí ẹnìkan kì í ti í sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ láàárọ̀. Lálẹ́, àwọn ìyá á dúró sẹ́nu ihò náà, wọ́n á máa ka orí bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun náà dúró níbẹ̀ de bàbá ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ìyàwó ẹ̀ dúró dè é fún ogójì ọdún. Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà náà báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, ilé ṣófo.

Ó ní, "Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa wọ̀nà fún ọmọ ẹ̀ níbi tójú ò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú mi. Ibi tí ọmọ yín bá wà pẹ̀lú wa, ẹ ò ní máa ka orí."

Kúdí ò lè parí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Bìgì Mọ́mì ló parí ẹ̀ fún un, òun tí kò gbọ́ òyìnbó.

Alhájì dìde. Ó mú ọwọ́ bàbá náà, ó yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sókè. Ó yí tiẹ̀ náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan ní àpá òkúta, ìkejì ní àpá iná. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ òkú. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni. Ẹ sọ fún un pé mo ti fọmọ mi fún ọmọ ẹ̀."

Pálọ̀ hó yèè. Èmi náà fẹ́ hó, mo ti ṣí ẹnu tán, ni Bìgì Mọ́mì bá nawọ́ sí mi.

"Ìwọ. Kíṣìnnì."

Mo bó ẹyin tó kún abọ́ ńlá kan, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, mo sì mọ̀ pé lórí mi ni. Ẹ̀rín yẹn dun mí, ó sì ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá Matéò yọjú wá bu omi. Ó rí mi. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. N ò gbọ́ ìkankan níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo wo ojú ẹ̀, mo sì sọ òtítọ́ fún un ní èdè ẹ̀: "N ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ẹyin kan, ó sì lọ.

Alhájì ò bínú sí mi. Ohun tó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà ju ìbínú lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní o sọ fún mi pé o ò gbọ́ ọ, ṣé mo máa gba owó ilé ìwé mi padà ni?" Mo ti ń ronú lé e láti ìgbà náà. Mo fẹ́ kí ó fi mí yangàn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayọ̀ ọmọ ẹ̀ san án. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, ìtìjú ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Temi ti lé lọ́dún kan, ó sì ṣì ń gbèrú.

Wọ́n ti so yìgì o, Kúdí ti lóyún, Matéò ti so iná oòrùn mọ́ òrùlé Alhájì. Èmi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gidi ní Yábàá, mo ń kọ́ Sípáníìsì lọ́wọ́ èèyàn tó ní ẹran ara. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹbí pé jọ sí tí mo lè wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí Bìgì Mọ́mì bá ti rí mi, á yíjú sí àwọn àlejò, á sì fi ìka sí ètè.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ yìí o. Á ní ẹ ti kú."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Èmi náà á bá wọn rín in, màá sì lọ wá ẹyin bó.